Ọ̀wẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì

 

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a kó ìṣirò owó wa kúrò nínú ìwé ńlá sórí kọ̀ǹpútà, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa wá yá owó. Kọ̀ǹpútà ní owó tí ìyá fi pamọ́ kò tó. Ìyá ní rárá, ó yọ káàdì rẹ̀ jáde, akápò kà á, owó pé. Lẹ́yìn wàhálà púpọ̀ ni a tó rí i pé orúkọ ìyá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, owó rẹ̀ sì ti pín sí méjì. Lójú tiwa, Bọ́sẹ̀dé kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ni.

Ohun tó fà á nìyí. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè. Akọ̀wé kan lè tẹ ẹ, kó sì fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ é, kó sì fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí kò bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ọ̀kan, yóò kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kóòdù díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ètò tí a rà nígbà náà, títì pa ni wọ́n tì í. A kọ lẹ́tà, a sì ń retí èsì.

Irú èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní open source. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè kà á, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. Ọ̀kan wà tó jẹ mọ́ iṣẹ́ wa gan-an: Apache Fineract, tó wà fún ìfowópamọ́ àti owó yíyá. Grameen Foundation ti Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórúkọ Mifos. Ní 2017 ó di iṣẹ́ tó dá dúró lábẹ́ Apache Software Foundation. Èdè Java ni wọ́n fi kọ ọ́. (A kò sọ pé àléébù ti ìyá wà nínú rẹ̀ o.) Nílé níbí, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, yorubaname.com, ti gbé kóòdù tirẹ̀ náà sórí GitHub.

Ẹ̀yin àgbà tó ti ṣe àáró rí mọ̀ pé ẹnìkan kì í ṣàdédé gbé ọkọ́ wọ oko olóko. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí. Kí ọmọ wa kọ́kọ́ lo ètò náà, kó ka ìwé tí wọ́n ń pè ní CONTRIBUTING, tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Kó wo ibi tí wọ́n ń kọ àléébù sí, bóyá ẹlòmíràn ti wà lórí iṣẹ́ náà. Ti Fineract wà lórí Jira. Lẹ́yìn èyí, kó ṣe ẹ̀dà kóòdù náà fún ara rẹ̀, kó sì tún ohun kan ṣe. Ohun kan ṣoṣo! Ẹni tó bá ní òun á tún gbogbo ilé kọ́ lọ́jọ́ kìíní, ta ni yóò ráyè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò? Kó kọ ìdánwò tó fi hàn pé Bọ́sẹ̀dé méjèèjì ti di ọ̀kan, kó tó fi pull request ránṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ ni pull request, kì í ṣe àṣẹ. Àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ náà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì sọ pé tún ibí ṣe, yọ ìyẹn kúrò. Ó lè pẹ́, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í gba owó. Kí ọmọ má bínú. Ìgbà mélòó ni ìgbìmọ̀ owó yíyá wa ti dá fọ́ọ̀mù padà fún wa nítorí pé onídùúró kò buwọ́ lù ú?

Ẹni tí kò mọ kóòdù náà kò ṣàìwúlò. Ìyá tó yọ káàdì jáde ló rí àléébù yẹn, kì í ṣe ọmọ yunifásítì.

A ti bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa lo kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ọmọ tó bá fẹ́, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó lọ sílé, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré.