Òwò Mọ́tò Àlòkù ní Johannesburg: Ìwé Ni Ó Ń Ṣọ́ Ọjà



Àwọn àgbà ní, ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Títì kan wà ní ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Jules Street. Ó gba Jeppestown kọjá, ó sì nà tààrà lọ sí apá ìlà-oòrùn títí dé Malvern. Lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ ni ọgbà tí a ti ń ta mọ́tò àlòkù wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn àlejò, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn jàǹdùkú ya wọ àdúgbò náà. Wọ́n fọ́ ìsọ̀, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì dáná sun mọ́tò níbi tí a tò wọ́n sí nínú ọgbà. Ohun tí ẹlòmíràn fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ di eérú láàárín ọjọ́ kan.

Síbẹ̀, òwò náà kò parẹ́. Ojoojúmọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin ń kúrò nílé tí ó ń gbèrò láti fi owó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú ni pé mọ́tò kọ́ ni ó ń ṣọ́ oníṣòwò ní ìlú náà, ìwé ni. Ìwé ni ó ń ṣọ́ ọjà nígbà rírà, òun ni ó ń ṣọ́ ọ nígbà títà, òun náà sì ni ó ń gbé olówò dìde ní ọjọ́ tí ibi bá dé.

KÌ Í ṢE ÒWÒ TÒKUNBỌ̀

Òwò mọ́tò ti Johannesburg kò jọ ti Èkó. Nílé, ẹni tí ó fẹ́ ta mọ́tò àlòkù á kọjú sí òkun: mọ́tò á ti Amẹ́ríkà tàbí Jámánì wá, á gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Kútọnu, a ó sì pè é ní tòkunbọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọba kò gbà kí oníṣòwò kó mọ́tò àlòkù wọlé láti òkèèrè láti tà á fún ará ìlú. Ìwé àṣẹ pàtàkì ni ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà, àwọn díẹ̀ ni ó sì tọ́ sí, irú bí ọmọ ìlú tí ó ń ti òkè òkun padà bọ̀ wá sílé pẹ̀lú mọ́tò tí ó ti ń lò. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba. Toyota ń ṣe mọ́tò ní Durban, Volkswagen ń ṣe é ní Kariega, Ford ń ṣe é ní Pretoria. Ìjọba kò fẹ́ kí àlòkù òkèèrè gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Àwọn àlòkù tí ó ń ti Japan wá sí èbúté Durban, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé gbè wọ́n ni wọ́n ń lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun yóò máa kó mọ́tò Johannesburg wá tà ní Ìbàdàn. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà rìn níbẹ̀, apá ọ̀tún ni sítíárìn mọ́tò wọn sì wà. Bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà náà ń rìn títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, nígbà tí a yí padà sí apá ọ̀tún.

Nítorí náà, inú ìlú náà gan-an ni oníṣòwò kékeré ti ń rí ọjà. Ó lè lọ sí ibi gbàǹjo, níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tí báńkì gbà padà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè san gbèsè, àti èyí tí ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò gbà lẹ́yìn ìjàǹbá. Ó sì lè rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ mọ́tò rẹ̀.

ÌWÉ ONÍṢÒWÒ

Òfin ọjà àlòkù tí wọ́n ṣe ní ọdún 2009 sọ pé ẹni tí ó bá fi rírà àti títà ọjà àlòkù ṣe iṣẹ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé tí yóò máa kọ gbogbo ohun tí ó rà sí, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tí ó tà á fún un. Àwọn kan ka èyí sí ìyọlẹ́nu, ṣùgbọ́n ààbò ni. Ní ọjọ́ tí a bá rí mọ́tò olè nínú ọgbà, ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ yóò tọ́ka sí ẹni tí ó tà á fún un. Ẹni tí kò ní i ni a ó pè ní olè.

Fún àlejò, ilẹ̀kùn mìíràn tún wà. Ìlànà tí ìjọba ibẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2014 béèrè mílíọ̀nù 5 rand lọ́wọ́ àlejò tí ó ń wá físà láti dá òwò sílẹ̀, ó sì ní kí 60 nínú òṣìṣẹ́ 100 jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tí ó ní àṣẹ àtimáa gbé ibẹ̀ títí. Ọgbà mọ́tò kékeré kò lè gbé irú owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fi owó wọn sí abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ewu ńlá ni èyí. Ní ọjọ́ tí ìjà bá dé, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ni ilé-ẹjọ́ yóò pè, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó tú àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: kí ènìyàn kọ́kọ́ tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ni kí ó wá ọgbà.

ÌWÉ MỌ́TÒ

Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tí ó ń wa mọ́tò lè máà jẹ́ olóhun. Bí báńkì bá yá ènìyàn lówó ra mọ́tò, orúkọ báńkì ni yóò wà nínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ohun ìní náà títí gbèsè yóò fi tán. Oníṣòwò tí kò yẹ ìwé wò, tí ó sanwó fún ẹni tí ó kàn di kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, gbèsè ẹlòmíràn ni ó rà. Báńkì lè wá gbé mọ́tò náà lọ, kò sì ní bi í pé èló ni ó san.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wo ipò tí wọ́n kọ sí ìwé náà. Code 2 ni mọ́tò àlòkù tí kò ní àbùkù nínú ìwé. Code 3 ni èyí tí ó ti bàjẹ́ tí wọ́n sì tún kọ́ padà; owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ gan-an, àwọn báńkì kì í sì í fẹ́ yáni lówó lé e lórí. Ọ̀dà tuntun lè bo ojú irin, kò lè bo ohun tí ó wà nínú ìwé. Kí ó rí i pẹ̀lú pé nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára ṣáàsì àti ti ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé mu. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, kí ó gbé owó rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

MỌ́TÒ TÍ KÒ TÀ Ń JẸUN

Ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Oníṣòwò kan ra mọ́tò ní 70,000 rand. Ó fi 9,000 tún un ṣe, ó sì ná 3,000 lórí ìwé àti àyẹ̀wò. Àpapọ̀ rẹ̀ di 82,000. Owó ilẹ̀ ọgbà rẹ̀ jẹ́ 15,000 lóṣù, mọ́tò 5 ni ó sì wà níbẹ̀. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ń jẹ 3,000 lóṣù nìyẹn. Bí ó bá tà á ní 95,000 lẹ́yìn oṣù 1, èrè rẹ̀ jẹ́ 10,000. Bí ó bá di oṣù 3, èrè náà dín kù sí 4,000. Bí ó bá di oṣù 5, ó ti pàdánù 2,000, owó ọdẹ tí ń ṣọ́ ọgbà lóru kò sì tíì wọ inú ìṣirò.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí oníṣòwò kékeré má ra mọ́tò tí ó wu òun. Èyí tí àwọn ènìyàn ń wá ni kí ó rà, èyí tí sípéà páàtì rẹ̀ kò wọ́n. Kí ó má sì kó gbogbo ojú owó sínú ọjà. Ẹni tí ó ní owó mọ́tò 5, kí ó ra 3, kí ó fi ìyókù ṣe ìpamọ́.

ÌWÉ ONÍBÀÁRÀ

Àwọn Òyìnbó Boer ní ọ̀rọ̀ kan, voetstoots, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí ọjà ṣe rí ni o ṣe rà á, má padà wá bá mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń ta mọ́tò fi sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Òfin ààbò oníbàárà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2008, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, ti ká ibojì yìí kúrò lórí ẹni tí ó fi ọjà títà ṣe iṣẹ́. Láàárín oṣù 6 tí oníbàárà ra mọ́tò, bí àbùkù bá yọjú tí kì í ṣe òun ni ó fà á, ó lè béèrè pé kí a tún un ṣe, kí a pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí a dá owó òun padà.

Ọ̀nà àbáyọ wà fún olóòótọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹ ọ́ìlì, kí oníṣòwò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń jẹ ọ́ìlì, kí oníbàárà kà á, kí ó sì fọwọ́ sí i. Àbùkù tí a ti sọ, tí a sì ti gbà, kò lè di ẹjọ́ lọ́la. Kí ó má sì yí aago tí ń ka ìrìn mọ́tò padà sẹ́yìn láé. Bí ó bá ti tà á tán, kí ó fi ìwé sọ fún ìjọba pé mọ́tò náà ti kúrò lọ́wọ́ òun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn bá ṣẹ̀ lójú títì yóò máa wá sí ilé rẹ̀.

ÌWÉ ỌJỌ́ IBI

Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù. Ìdójútòfò lásán, èyí tí àwọn kan ń pè ní inṣọ́ránsì, kò bo iná rògbòdìyàn ní Gúúsù Áfíríkà. Lẹ́yìn rúkèrúdò Soweto ti ọdún 1976, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1979, orúkọ rẹ̀ ni Sasria, ti ìjọba sì ni. Òun ni ó ń san owó ohun tí àwọn tí ń ṣe rògbòdìyàn bá bàjẹ́. A máa ń so ó mọ́ ìwé ìdójútòfò tí ènìyàn ti ní. Ẹni tí kò bá béèrè rẹ̀ lè máà ní i. Lẹ́yìn ìjà ìgboro ti oṣù Keje ọdún 2021, ó ju bílíọ̀nù 30 rand lọ tí Sasria san fún àwọn tí ó pàdánù. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, kí ni yóò mú lọ síbẹ̀? Èéfín kì í ṣe ẹ̀rí.

ÌWÉ KÒ LÈ PA INÁ

Síbẹ̀, ìwé kò lè dá ọwọ́ jàǹdùkú dúró. Àwọn aládùúgbò lè ṣe é nígbà mìíràn. Oníṣòwò tí ó gba ọmọ àdúgbò sí iṣẹ́ mọ́tò fífọ̀ àti iṣẹ́ mẹkáníìkì, tí ó kọ́ bí a ti ń kí ènìyàn ní èdè Zulu, tí kò fi owó yan aládùúgbò rẹ̀ jẹ, yóò ní ẹni tí yóò kìlọ̀ fún un kí ọ̀tá tó dé. Kí àwọn olówò ọmọ Nàìjíríà tí ó wà níbẹ̀ sì ṣe ara wọn lọ́kan, nítorí àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ojúṣe ìjọba náà kò kéré. Nínú ènìyàn 10 tí Ààrẹ Cyril Ramaphosa kọ́kọ́ kéde pé ó kú nínú wàhálà ọdún 2019, 2 ni àlejò. Iná tí a dá fún àlejò jó onílé pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ òfurufú Air Peace kó ju ọmọ Nàìjíríà 180 lọ padà sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹwàá, Ààrẹ Muhammadu Buhari lọ sí Pretoria, ìjọba méjèèjì sì fohùn ṣọ̀kan láti dá ètò kan sílẹ̀ tí yóò máa kìlọ̀ kí wàhálà tó ṣẹ̀. Àdéhùn dára, ṣùgbọ́n ará ìlú ni ó ní ẹ̀tọ́ láti máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó dìbò fún pé ibo ni iṣẹ́ dé.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó má rìnrìn àjò. Ìrìn àjò wà nínú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù. Kí bàbá tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sí Johannesburg kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan: níbo ni ìwé rẹ wà? Bí ọmọ náà bá lè dá a lóhùn, kí ó gbàdúrà fún un, kí ó sì jẹ́ kí ó lọ.