Ìpolówó Ọjà Kírípítò: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Músùlùmí Sá Fún

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù)



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi òwò ṣe ọ̀nà ìjẹ fún àwọn ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí ó ti ṣòwò kí iṣẹ́ ńlá náà tó dé bá a, tí àwọn ará Mẹ́kà sì ń pè ní Al-Amīn, olóòótọ́ tí a fọkàn tán.



Àwọn tí wọ́n ṣètò ìpàdé yìí ni wọ́n yan àkòrí fún mi. Wọ́n ní àwọn kan nínú yín ń bá àwọn tí ń ṣe owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, èyí tí ayé ń pè ní kírípítò, àti pé àwọn mìíràn fẹ́ dá tiwọn sílẹ̀. Ìbéèrè wọn ni pé: báwo ni ènìyàn ṣe lè polówó irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìṣìnà? N kò wá láti kọ́ yín ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nítorí pé ẹ̀yin ni olùkọ́ mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí ọjà ti dáyé ni òun náà ti dáyé, àwọn onímọ̀ fikihu sì ti tú u palẹ̀ kí baba ńlá wa tó rí iná mànàmáná.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù lọ. Àṣìṣe tí ó bí gbogbo àṣìṣe yòókù ni pé ẹni tí ń polówó kírípítò kì í sábà polówó iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Iye tí yóò gùn dé lọ́la ni ó ń polówó. Aláṣọ ń pariwo pé aṣọ òun kì í ṣá. Elékuru ń pariwo pé èkuru òun ṣì gbóná. Bí aṣọ bá ṣá, a ó gbé e padà fún un. Bí èkuru bá ti tutù, ọwọ́ ni a ó fi mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní, "Ẹ ra ẹyọ owó yìí ní náírà mẹ́wàá lónìí, yóò di ọgọ́rùn-ún kí oṣù tó parí," kí ni ohun tí ó tà gan-an? Ọ̀la ni ó tà, ọ̀la kò sì sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí èrè nìkan ni mo ṣe ra ẹyọ owó kan, tí kò sí iṣẹ́ kankan tí mo fẹ́ fi í ṣe, èrè mi kò lè ti ibòmíràn wá bí kò ṣe láti ọwọ́ ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn mi ní owó tí ó ju tèmi lọ. Nítorí náà, mo di olùpolówó dandan. Èmi yóò fa ìyàwó mi wọlé, ìyàwó mi yóò fa ìyá rẹ̀ wọlé, ìyá rẹ̀ yóò fa ẹgbẹ́ aláṣẹ̀làátù rẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tuntun mọ́, ẹni tí ó wọlé kẹ́yìn ni yóò ru ẹrù gbogbo wa, òun ni ó sì sábà máa ń jẹ́ aláìní jù lọ nínú wa. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ: sogúndogójì.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 2014, obìnrin ará Bulgaria kan, Ruja Ignatova, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá OneCoin sílẹ̀. Wọ́n ní yóò borí Bitcoin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ó dúró lórí pèpéle ní Wembley Arena ní Lọ́ńdọ̀nù níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí ó bá mú ènìyàn wá yóò gba owó lórí ẹni tí ó mú wá, ẹni yẹn náà yóò sì mú tirẹ̀ wá. Kò sí ojúlówó ìwé àkọsílẹ̀ gbangba kankan lẹ́yìn owó náà. Iye tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi ọwọ́ kọ ọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, obìnrin náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì pòórá. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sọ pé owó tí àwọn ènìyàn kó sínú rẹ̀ ju bílíọ̀nù 4 dọ́là lọ. Ẹnì kejì rẹ̀, Karl Greenwood, gba ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ní 2023.

Ní ilé wa níhìn-ín, MMM ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí ọdún Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀. A rò pé a ti gbọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ kírípítò ni wọ́n fi bò ó. Àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ kan ní Ìbàdàn, wọ́n kó àga àti ẹrù inú rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo èyí: àwọn tí wọ́n dá nǹkan náà sílẹ̀ kò sí ládùúgbò. Ẹni tí ó wà ládùúgbò ni ọ̀dọ́ tí ó polówó rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá àgbà tí ó fi owó àjọ rẹ̀ sínú rẹ̀ ń lọ láràárọ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Alfa, tiwa kì í ṣe jìbìtì." Mo gbà. Kì í ṣe gbogbo kírípítò ni sogúndogójì. Bitcoin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 kò ṣèlérí èrè fún ẹnikẹ́ni. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹyọ rẹ̀ kò sì lè ju mílíọ̀nù 21 lọ. Síbẹ̀, òun náà tó nǹkan bí 69,000 dọ́là ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ó sì fi di oṣù kan náà ní ọdún 2022, kò tó 17,000 mọ́. Bí ẹ bá ti fi ẹnu yín ṣèlérí fún ènìyàn ní 2021, òtítọ́ inú yín kò ní gbà yín sílẹ̀ ní 2022.

Ní ti ọgbọ́n òwò pàápàá, ìlérí èrè kì í kó oníbàárà jọ. Èrò ni ó ń kó jọ. Ẹ rántí Hamster Kombat ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń fi ìka tẹ fóònù tọ̀sán-tòru, àní títí kan àárín àsàmù àti ìkámù, kí Ọlọ́hun forí jì wá. Àwọn tó ni ín sọ pé àwọn tí ń ta á lé ní mílíọ̀nù 300. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, wọ́n pín ẹyọ owó náà, owó tí ó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì tó nǹkan. Ó yá, èrò tú ká. Kí ni olówò fẹ́ fi mílíọ̀nù 300 tí kò nílò ọjà rẹ̀ ṣe? Bí ohun tí ẹ ṣe bá jẹ́ ọ̀nà tí ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi lè fi owó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn kíákíá pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí ó kéré, ẹ polówó ìyẹn. Ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà, ẹ sọ iye wákàtí tí ó ń gbà. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń fi í ránṣẹ́ lóṣooṣù sàn ju ẹgbàárùn-ún tí ń wo iye rẹ̀ lójú fóònù.

Ohun kejì ni ìyìn tí a fi owó rà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, gbajúmọ̀ obìnrin Amẹ́ríkà nì, Kim Kardashian, gbà láti san mílíọ̀nù 1.26 dọ́là fún àjọ tí ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò níbẹ̀, nítorí pé ó polówó ẹyọ owó EthereumMax lórí Instagram láìsọ pé 250,000 dọ́là ni wọ́n san fún òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ra èrò ayédèrú sínú ẹgbẹ́ Telegram, tàbí tí wọ́n ń ta ẹyọ owó fún ara wọn láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì kí ọjà lè dàbí ẹni pé ó ń yá. Fikihu ní orúkọ fún èyí: an-najsh, kí ẹni tí kò fẹ́ rà máa fi owó kún owó ọjà láti tan ẹni tí ó fẹ́ rà. Ànábì wa kọ̀ ọ́. Ó sì tún kọ̀ kí a lọ pàdé àwọn oníṣòwò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó wọ ìlú, kí wọ́n tó mọ iye tí ọjà ń lọ. Ẹni tí ó mú kírípítò lọ bá ìyá tí kò mọ bí a ṣe ń ṣí i, kí ó tó rí ẹni bi léèrè, ojú ọ̀nà ni ó ti pàdé rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, òfin ti fòpin sí ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ó bá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ra kírípítò, ó sì pọn dandan kí ẹni tí ó ń rà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan fún ìgbà àkọ́kọ́ dúró fún wákàtí 24 kí ó fi ronú. Àwọn tí kì í ṣe Músùlùmí ni wọ́n ṣe òfin yìí o.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà "ḥalāl" tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ara ọjà. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí kírípítò. Muftī àgbà ilẹ̀ Íjíbítì nígbà náà, Shaykh Shawki Allam, sọ ní oṣù kìíní ọdún 2018 pé Bitcoin kò tọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Indonesia sọ ní 2021 pé lílò ó bí owó kò tọ́. Ìgbìmọ̀ Shẹ́ríà àjọ ìdókòwò ilẹ̀ Malaysia sì gbà ní 2020 pé a lè ṣòwò irú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn májẹ̀mú. Níbi tí àwọn àgbà ti ń yàn án wò bẹ́ẹ̀, ta ni ó fún ọmọ ọdún méjìlélógún ní àṣẹ láti kọ "100% ḥalāl" sára àwòrán ìpolówó? Bí onímọ̀ kan bá ti yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé rẹ̀ jáde tòun ti májẹ̀mú rẹ̀. Ẹ má sì mú ìpolówó wá sí mọ́sálásí. Ẹni tí ó jókòó nínú sàfù kò wá láti ná ọjà, kò sì ní ojú tí yóò fi kọ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ kírun.

Ẹ mọ òfin ìlú pẹ̀lú. Báńkì àpapọ̀ wa dí àwọn báńkì lọ́wọ́ lórí kírípítò ní oṣù kejì ọdún 2021, ó sì tú u sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 2025 ti fi ọjà yìí sábẹ́ àjọ SEC, ó sì gbé ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn ńlá ka iwájú àwọn onísogúndogójì. Ìwé àṣẹ ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìpolówó.

Kí ni ó wá yẹ kí ó wà nínú ìpolówó yín? Ànábì wa ki ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà kan lọ́jà, ìka rẹ̀ rin. Ó bi ọlọ́jà náà léèrè ìdí tí kò fi kó apá tí òjò pa sórí kí ènìyàn lè rí i. Nínú iṣẹ́ tiyín, apá tí ó rin ni iye ẹyọ owó tí ó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin olùdásílẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ lè tà á. Òun ni orúkọ àti ojú yín gan-an, kì í ṣe àwòrán ìnàkí. Òun ni pé ènìyàn lè pàdánù gbogbo owó rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn kan ṣe ẹyọ owó kan tí wọ́n fi orúkọ eré Squid Game pè. Iye rẹ̀ ju 2,800 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ó rà á kò rí i tà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó di òfo, àwọn tí ó ṣe é sì na pápá bora. Bí rírà bá rọrùn tí títà sì nira, ẹ kọ ọ́ síwájú, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá yín lè kà.

Ní ọjọ́ tí iye rẹ̀ bá já, ẹ má ti ẹgbẹ́ WhatsApp pa, ẹ má sì yọ ẹni tí ń béèrè kúrò. Ẹ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, iye tí ó kù, àti ọjọ́ tí ẹ ó tún sọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ náà bá sì pé, ẹ sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ sí ìròyìn rere.

Mo rí i pé ọwọ́ ti ń nà sókè láti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a gba ìbéèrè mélòó kan kí àsàrì tó wọlé.