Ta Ló Ni Títì? Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Tẹlifíṣọ̀n Oníwáyà ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jìnnà sílé díẹ̀: ta ló yẹ kó máa fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n oníwáyà láṣẹ láti wọ ìlú ní Amẹ́ríkà? Ìjọba ìbílẹ̀ ni èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tí mo ń bọ̀wọ̀ fún ni kò gbà pẹ̀lú mi.

Ìlú kéékèèké tí òkè yí ká ni òwò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní Lansford, ìlú àwọn awakùsà ní Pennsylvania, òkè dí ọ̀nà mọ́ ìgbì tó ń bọ̀ láti Philadelphia. Ẹni tó bá ra tẹlifíṣọ̀n, àwòrán bàìbàì ló máa fi owó rẹ̀ wò. Ní 1950, Robert Tarlton, tó ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àti àwọn oníṣòwò bíi tirẹ̀ ri eríàlì mọ́ orí òkè, wọ́n sì fa wáyà láti ibẹ̀ wọ ilé àwọn oníbàárà. Ẹ kíyè sí wáyà yẹn. Kò fò lójú ọ̀run. Orí òpó ló gbà, ẹ̀bá títì ló gbà, àwọn mìíràn sì gba abẹ́ ilẹ̀. Ìlú ló ni títì. Ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà níwájú ilé onílé, ó yẹ kó kọ́kọ́ kí onílé. Báyìí ni kánsù ṣe di ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń lọ bá fún ìwé àṣẹ, kò sí ìwà ìjẹgàba kankan níbẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1984 fìdí àṣẹ kánsù yìí múlẹ̀. Ìlú lè gba owó tí kò ju 5% lọ nínú owó tí ilé-iṣẹ́ bá pa lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ó lè béèrè ikanni fún ará ìlú, fún ilé-ẹ̀kọ́ àti fún ìjọba. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fo àdúgbò kan dá nítorí pé tálákà ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé kánsù ló ń dá ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn ka àtúnṣe 1992: láti ìgbà náà, ìlú kankan kò lè fún ilé-iṣẹ́ kan ní àṣẹ àdágbà mọ́.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́. Ní 1971, ilé-ẹjọ́ dá Irving Kahn, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Teleprompter, lẹ́bi pé ó fún àwọn aláṣẹ ìlú Johnstown ní Pennsylvania ní rìbá nítorí ìwé àṣẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í torí gbígbó pa ajá, a kì í torí kíkàn pa àgbò. Ẹni tó ń gba rìbá ní kánsù, ojú títì la ti ń bá a pàdé, a sì mọ ọjọ́ ìdìbò tó kàn. Ti ẹni tó wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ ńkọ́?

Ní 2005 ni ìjà lórí bóyá ìlú tàbí ìpínlẹ̀ ni yóò máa fúnni láṣẹ gbóná. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń fẹ́ ta tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní bíbá ìlú kọ̀ọ̀kan dúnàádúrà yóò fi ọjọ́ ṣòfò. Texas gbà fún wọn lọ́dún náà: ìwé kan ṣoṣo láti Austin, olú-ìlú rẹ̀, ti tó fún gbogbo ìpínlẹ̀. California tẹ̀ lé e ní 2006. Mo gbà pé àwọn kánsù kan máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí SBC, tó padà ń jẹ́ AT&T, ti sọ fún àwọn olùdókòwò ṣáájú: iṣẹ́ tuntun náà yóò dé ọ̀dọ̀ 90% àwọn oníbàárà tó ń náwó gan-an, àti 70% àwọn tó wà láàárín. Àwọn tí owó wọn kéré ńkọ́? Kò tó 5%. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí kánsílọ̀ yóò bi wọ́n ni pé, "Àdúgbò wo lẹ máa fi ṣèkẹ́yìn, kí sì ni ìdí?" Ẹni tó jókòó sí Austin kò ní ìdí láti béèrè.

Ẹ tún wo ikanni ará ìlú. Láti 1971 ni àwọn ará Manhattan ti ń rí àyè ṣe ètò tiwọn lórí wáyà, nítorí pé New York fi í sínú àdéhùn. Nígbà tí AT&T gbé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ U-verse dé, gbogbo ikanni báyìí ló dà pọ̀ sórí ikanni 99. Bí bàbá arúgbó kan bá fẹ́ wo ìpàdé kánsù rẹ̀, yóò tẹ 99, yóò dúró dè é, yóò wá orúkọ ìlú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ gígùn, yóò tún yan ikanni. Ikanni tó ń polówó ọjà, ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ta ni bàbá yìí máa fẹjọ́ sùn nígbà tí kánsù rẹ̀ kò ní àṣẹ lọ́wọ́ mọ́?

Nílé níbí ní Nàìjíríà, òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gba owó láísẹ́ńsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ Àbújá ni NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ti ń fúnni láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Owó nìkan la fi síwájú kánsù, ẹnu la gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká padà sí Amẹ́ríkà, èyí tó ń dùn mí jù báyìí ni ti íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́lẹ̀, ìlú Eugene ní Oregon ń gba 7% lórí owó íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà kan náà kọjá, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sì gbà fún un ní 2016. FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, fagi lé e ní 2019, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ sì gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn ní 2021. Wáyà kan náà ni o, òpó kan náà, títì kan náà ni wọ́n sì máa gbẹ́ bó bá bàjẹ́. Bí fíìmù bá gba inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tẹlifíṣọ̀n, ìlú ní ẹ̀tọ́ sí owó. Bí fíìmù yẹn bá gba ojú íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ ti tán. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tẹ́ ẹ wà níjòkòó, ẹ bá mi dá sí i nígbà ìbéèrè, torí ìdájọ́ yẹn kò tíì yé mi.