Ìpolówó Tí A Gbé Igbá Rẹ̀ Pamọ́

Ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ lù. Wọ́n ti mú iná lọ, ṣùgbọ́n bátìrì fóònù ìyá ọmọ ṣì kù díẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́ta wà láyà rẹ̀, ó ń fa ọmú, ó ń sùn, ó tún ń jí. Ìyá ń fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo yí ojú fóònù sókè. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan yọ sí i láti Èkó: ọmọ tirẹ̀ mọ́ tónítóní, ilé rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹ̀gbọ́n ẹni. Ó ní òun náà kì í rí oorun sùn tẹ́lẹ̀, òun náà ti sunkún lóru rí, kó tó di pé òun bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ òun ní nǹkan kan báyìí. Ó gbé agolo nǹkan náà sókè, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó rẹ́rìn-ín. Fídíò parí.

Ìyá yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Adébáyọ̀, ó pọ̀ ní Ajílósùn àti Òkè-Ìyìnmi, ó sì pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Èkìtì tó bímọ sí Peckham àti Houston, tí ìyá wọn kò sí nítòsí láti bá wọn wẹ ọmọ. Ohun tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò lè rí lójú fóònù ni ìwé àdéhùn tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀: iye tí ilé-iṣẹ́ san, gbólóhùn tí wọ́n ní kí obìnrin náà má gbàgbé láti sọ, ọjọ́ àti wákàtí tí fídíò gbọ́dọ̀ jáde. Ẹjọ́ owó kọ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ dá, torí iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni ti ẹni tó gbowó tán, tó wá ń sọ̀rọ̀ bí aládùúgbò.

Yorùbá kò kórìíra ìpolówó. Ẹni tó ń polówó, olówó ló ń pè, kò sì fi bò. Ọmọdébìnrin tó ń kiri ẹ̀kọ ní ìdájí lè ní kò sí irú ẹ̀kọ òun láti Adó dé Ìkéré. Ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní onírọ́, nítorí igbá wà lórí rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá àti ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti eléwé ọmọ ní Ọjà Ọba. Ìyá ìkókó lè jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko, kó bi í léèrè àgbo tó dára fún inú rírun, kó sì gbọ́ ìtàn ọmọ mẹ́wàá tó mu ún tí ara wọn yá. Ṣùgbọ́n ewé àti egbò wà lórí àtẹ níwájú àwọn méjèèjì, owó yóò sì bọ́ sápò eléwé kí oníbàárà tó dìde. Ìyá á gbọ́, á sì yọ díẹ̀ kúrò nínú ohun tó gbọ́. Díẹ̀ tó yọ yẹn ni ọjà fi ń dáàbò bò ó.

Ti gáréèjì yàtọ̀, wọ́n máa ń rẹ́ èèyàn jẹ níbẹ̀. Èrò dé, ó bá èèyàn mẹ́jọ nínú ọkọ̀ tó ń gba mẹ́rìnlá, inú rẹ̀ dùn pé ọkọ̀ kò ní pẹ́ kún, ó sanwó, ó wọlé. Bí ọkọ̀ ṣe ń kún ni àwọn tó bá níbẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan; ọ̀kan lóun fẹ́ tọ̀, èkejì lóun fẹ́ ra omi, wọn kò sì padà mọ́. Agbèrò ló fún wọn lówó kí wọ́n wá jókòó. (Ẹni tí irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí láàárín Ìbàdàn àti Èkó kò tíì wọkọ̀ tó.) Wọn kò fi ẹnu purọ́ rárá, ìjókòó wọn ni irọ́. Ìyá tó gbowó láti yin ọṣẹ ìkókó, tó wá ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lọ́jà ni, nínú ọkọ̀ yẹn ló jókòó sí.

Ọgbọ́n náà ti wà kí Instagram tó dé. Cicely Williams, dókítà obìnrin tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, òun ló mú orúkọ àìsàn kwashiorkor láti inú èdè Gà wọ inú ìwé ìṣègùn. Ní 1939, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ Rotary ní Singapore, ó ní kí wọ́n ka ikú àwọn ìkókó tí wọ́n fi mílíìkì agolo aládùn tí kò yẹ ọmọ tọ́ sí ìpànìyàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dí ọjà lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, àwọn ilé-iṣẹ́ mílíìkì ti ń gba obìnrin síṣẹ́, wọ́n ń wọ̀ wọ́n láṣọ funfun bíi ti nọ́ọ̀sì, wọ́n ń rán wọn lọ sí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ní Áfíríkà àti Éṣíà, Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ rí aṣọ funfun, ó rò pé ilé-ìwòsàn ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bo igbá.

Ní 1974, ẹgbẹ́ War on Want ní London tẹ ìwé pélébé kan tí Mike Muller kọ jáde lórí ọ̀ràn yìí, ó sì di ariwo. Ní 1977, àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà ilé-iṣẹ́ mílíìkì Nestlé sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 1981, àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ètò ìlera pàdé ní Geneva, wọ́n sì dìbò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe polówó mílíìkì tí a fi ń rọ́pò ọmú fún gbogbo èèyàn mọ́. Orílẹ̀-èdè 118 fọwọ́ sí i, ọ̀kan péré ló lòdì, Amẹ́ríkà sì ni. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 1990, wọ́n tún un ṣe ní 1999, wọ́n sì gbé e lé NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, lọ́wọ́.

Kí ẹni tó ń gbọ́ èyí dúró níbẹ̀ díẹ̀. Tí ó bá jẹ́ mílíìkì ọmọ tuntun ni obìnrin inú fídíò yẹn gbé sókè, kódà bí ó bá kọ “ìpolówó ni èyí” gàdàgbà sójú fídíò, kò yọ ọ́. Àwọn ọjà kan wà tí òfin kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ru kiri rárá.

Síbẹ̀, wọ́n ń rù ú. Ní oṣù kẹrin 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwádìí kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ta mílíìkì ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yẹ ohun tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin tí àwọn èèyàn kọ nípa bíbọ́ ìkókó wò, láàárín oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹfà 2021. Àwọn ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ mílíìkì tí wọ́n ṣọ́ ń gbé nǹkan jáde ní ìgbà bí 90 lóòjọ́, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 229 èèyàn. Lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni ẹgbẹ́ ìyá ọlọ́mọ, ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́, àti àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n ń sanwó fún, ìyẹn àwọn tí ayé ń pè ní influencer. Ní oṣù kejì ọdún kan náà, WHO àti UNICEF ti bi àwọn òbí àti aboyún 8,500 léèrè ọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ó lé ní ìdajì tó ní ìpolówó mílíìkì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn. Nọ́ọ̀sì aláṣọ funfun ló padà wá yẹn, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Aṣọ ìyá ọlọ́mọ ló wọ̀ báyìí, ó sì bá a lára mu ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ọmọ wà lápá rẹ̀ lóòótọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ìkókó fi yàtọ̀ sí ti bàtà àti ìpara ni pé ẹni tó máa lo ọjà náà kò lè sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà tó ra ìpara tí kò dára yóò rí i lójú ara rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́ta, ẹkún nìkan ló ní, ẹkún ebi àti ẹkún àìsàn kì í sì í pẹ́ jọra létí ẹni tí kò tíì sùn. Nàìjíríà ti san owó ẹ̀kọ́ yìí rí. Ní ìparí 2008, àwọn òbí ra oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin fún ọmọ tó ń hu eyín. Èròjà olóró ti wọ inú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Èkó. NAFDAC ní ọmọ 84 ló kú. Kò sí gbajúmọ̀ orí fóònù kankan nínú ọ̀ràn yẹn. Orúkọ dídùn ara ìgò àti ìgbàgbọ́ ìyá ti tó.

Òkè òkun náà ń jà á. Ní 2015, Kim Kardashian, tó lóyún nígbà náà, yin oògùn kan tó wà fún èébì aboyún lórí Instagram, kò sì mẹ́nu ba ewu tó wà nínú rẹ̀. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni oògùn náà, ó sì di dandan kí Kardashian tún gbé òmíràn jáde tó ṣàlàyé ewu náà. Èyí tó kàn wá gan-an ni ti 2019 ní Britain. Ìyá kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ títọ́, tí olùtẹ̀lé rẹ̀ jẹ́ 32,000, bá ilé-iṣẹ́ Sanofi polówó oògùn oorun kan. Ó sọ ọ́ kedere pé ìpolówó ni. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ kò gba kí gbajúmọ̀ máa polówó oògùn. Ilé-iṣẹ́ náà jiyàn pé ìyá yìí kì í ṣe gbajúmọ̀, pé ta ni í lẹ́gbẹ̀ẹ́ David Beckham, agbábọ́ọ̀lù. ASA, àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó níbẹ̀, ní ẹni tó bá ti ní ju 30,000 olùtẹ̀lé lọ ti di gbajúmọ̀, wọ́n sì ní ìpolówó náà kò gbọdọ̀ jáde bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àròjinlẹ̀ wà nínú ìdájọ́ yẹn. Ìyá tí olùtẹ̀lé rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n máa ń gbà gbọ́ jù. Kò sẹ́ni tó rò pé Beckham mọ ẹnu ọ̀nà ilé òun. Ìyá tí olùtẹ̀lé rẹ̀ jẹ́ 30,000, ó ń dáhùn ìbéèrè, ó mọ orúkọ ọmọ àwọn kan nínú wọn.

Ní ti Nàìjíríà, òfin kò wọ́n wa. Àjọ APCON tó ń ṣọ́ ìpolówó, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1988, ti di ARCON láti 2022, òfin tuntun náà sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ gbogbo ìpolówó wò kó tó jáde, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Òfin 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tan oníbàárà. Ní oṣù kẹwàá 2022, ARCON gbé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ó ń béèrè bílíọ̀nù 30 náírà lórí ìpolówó tí wọn kò yẹ̀ wò. Ó dára kí a mú erin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpolówó tó ń dé Adébáyọ̀ kò gba ọ̀nà tí erin ń gbà. Ilé-iṣẹ́ kan fi páálí Pampers méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ránṣẹ́ sí ìyá kan ní inbọ́ọ̀sì; kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá bi í, á ní ẹ̀bùn ni. Ẹ̀bùn tó bá ní “jọ̀wọ́ sọ nǹkan dáadáa nípa rẹ̀” lára, owó iṣẹ́ ni.

Ìdàkejì ọ̀ràn yìí ló sì burú jù. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, oníṣòwò obìnrin kan ní Èkó kọ ọ́ sórí Facebook pé tòmátì alágolo kan ti ilé-iṣẹ́ Erisco Foods dùn jù bí ẹni pé ṣúgà ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún un, owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi mú un, wọ́n sì fi òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì pè é lẹ́jọ́. Gbogbo ìyá tó ń polówó lórí ayélujára ló rí i. Bí ẹni tó yin ọjà bá ń gbowó, tí ẹni tó ní ọjà kò dùn mọ́ òun bá ń sùn ní àtìmọ́lé, ta ló máa sọ pé ìlédìí kan fi ìléròrò sí ìdí ọmọ òun? Òótọ́ tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá yìí, ó yẹ kí àwọn aláṣẹ bá wọn ṣọ́ ọ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀ náà. Lẹ́tà kóńkó tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀, #ad, ìyẹn “ìpolówó”, òyìnbó ni, ojú fóònù kékeré sì máa ń gbé e mì. Ìyá tó ń fi Yorùbá yin ọjà, tó wá ń fi òyìnbó jẹ́wọ́ owó, ó mọ ohun tó ń ṣe. Rédíò sì ti fún wa ní ọ̀nà láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ará Adó tí kò gbọ́ ọ rí lórí rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ wa: kí ètò onígbọ̀wọ́ tó bẹ̀rẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ní ilé-iṣẹ́ báyìí ló gbé ètò náà wá sétí ìgbọ́ yín. Olùgbọ́ kò tìtorí ẹ̀ pa rédíò. Ó mọ ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó sì ń jẹ é lọ.

Bí obìnrin inú fídíò alẹ́ yẹn bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, kó tó gbé agolo sókè, pẹ̀lú ohùn tútù kan náà: “Ẹ̀yin ìyá, ilé-iṣẹ́ tó ń ta èyí ló sanwó fún mi kí n wá bá yín sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọmọ mi tíì lò ó.”