Ọ̀pá Gígùn Lórí Jíìpù: Áńtẹ́nà Rédíò Ọ̀nà Jíjìn ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

 

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. L'Ékòó níbí, áàpù báńkì kọ̀, kò ṣí, owó tí èèyàn fi ránṣẹ́ há sọ́nà. Ìyẹn ò tiẹ̀ tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tójú àwọn ará Borno, Yobe àti Adamawa rí lọ́dún 2013. Lóṣù karùn-ún tí ìjọba kéde pàjáwìrì níbẹ̀, wọ́n pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù pátápátá, ó sì gba ọ̀pọ̀ oṣù kí Borno tó rí i padà.

Rédíò HF ò nílò òpó nẹ́tíwọ̀kì, kò nílò wáyà abẹ́ òkun. Ìgbì rẹ̀ máa ń gòkè lọ kan ìpele kan lójú sánmà, a sì tún padà wá sílẹ̀ níbi tó jìnnà. Láti Èkó dé Maiduguri, nǹkan bíi 1,200 kìlómítà, ó lè dé e. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ọ̀pá gígùn yẹn níwájú jíìpù funfun àwọn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ẹnì kan nínú yín máa bi mí pé, kí ló dé tí tiwọn fi gùn tó bẹ́ẹ̀, tí ti fóònù mi ò sì hàn síta? Ẹ fi 300 lélẹ̀, kẹ́ ẹ fi iye MHz pín in, ẹ máa rí gígùn ìgbì náà ní mítà. Áńtẹ́nà tó dáa sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Fóònù tó wà lórí 900 MHz, ìdá mẹ́rin ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, ó ti wọnú fóònù nìyẹn. Ẹ wá gbé e lọ sórí 7 MHz: ó di mítà mẹ́wàá àti díẹ̀, ó ga ju ilé alájà méjì lọ. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn gba Boundary kọjá? Nítorí náà, wọ́n á lo ọ̀pá bíi mítà mẹ́ta, wọ́n á wá fi wáyà tí wọ́n ká bíi òkòtó sí ìdí rẹ̀ láti tan rédíò jẹ pé ọ̀pá náà gùn. Àwọn tó dáa jù máa ń yí ara wọn fúnra wọn bẹ́ ẹ bá ti yí ìkànnì.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ìdí ọ̀pá. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìdajì áńtẹ́nà yẹn. Tí irin ìdí rẹ̀ ò bá kan ara ọkọ̀ dáadáa, owó tẹ́ ẹ ná ti ṣòfò. Wẹ́dà wa ní Ajégúnlẹ̀ mọ iṣẹ́, mi ò bá wọn jà, ó lè jó irin mọ́ bọ́mpà kó dúró bí òkè. Àmọ́ pé ó dúró gbọin ò ní kí iná kọjá níbẹ̀. Ọ̀dà wà lábẹ́ bóòtù. Ẹ ní kí wọ́n ha ọ̀dà náà títí irin á fi máa dán, kí rewáyà fi mítà wọ̀n ọ́n láti ìdí ọ̀pá dé ẹnu òdì bátìrì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi okùn bàbà pẹlẹbẹ, tó kúrú, so bọ́mpà mọ́ ṣáṣí, kí wọ́n so bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì so páìpù èéfín pẹ̀lú, torí páìpù yẹn máa ń gbé ariwo ẹ́ńjìnnì jáde. Bó bá jẹ́ Hilux, ẹ so ẹ̀yìn tó ń kẹ́rù mọ́ iwájú.

Afẹ́fẹ́ Àpápá níyọ̀ nínú. Ibi tí bàbà ti kan irin, tàbí tí bóòtù irin wọnú bọ́mpà alumí, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́. Ẹ fi gírísì bò ó, kẹ́ ẹ sì tú u wò lẹ́yìn òjò.

Iná ńkọ́? Rédíò 100 watt lè fa nǹkan bí 20 amp nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ojú ihò tẹ́ ẹ ti ń cháàjì fóònù nínú ọkọ̀, fíúùsì rẹ̀ kì í sábà ju 15 lọ. Láti orí bátìrì tààrà ni kẹ́ ẹ ti fa wáyà tó nípọn, kí fíúùsì sì sún mọ́ bátìrì.

Ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Bọ́mpà ga tó mítà kan, ọ̀pá jẹ́ mẹ́ta: mítà mẹ́rin nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tírélà tó gbé kọntínà. Ní Wharf Road, wáyà iná ga torí tírélà ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ yà wọ àdúgbò inú Ajégúnlẹ̀, níbi tí tírélà ò lè wọ̀, ta ló yẹ gíga wáyà wò níbẹ̀? Wáyà 11,000 volt ò ní kó o kàn án dáadáa kó tó pààyàn. Ẹ fa ọ̀pá náà tẹ̀, kẹ́ ẹ fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò lójú títì ńlá. Ó tiẹ̀ lérè: ọ̀pá tó tẹ̀ máa ń rán ìgbì sókè gan-an, ìyẹn dáa fún ibi tí ò jìnnà bí Ìbàdàn.

Ẹ má ṣe tẹ rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkà epo tàbí nítòsí àwọn àgbá epo ńlá Àpápá. Kí ọmọdé má sì fọwọ́ kan ọ̀pá nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, á jó o.

Ẹ má dán an wò láàárín ilé pẹ̀lú. Jẹnẹrétọ̀ àti cháájà olówó pọ́ọ́kú á fi ariwo bo gbogbo ẹ̀. Ẹ lọ síbi gbalasa, kẹ́ ẹ wo SWR. Tó bá jẹ́ 2, nǹkan bíi 11 nínú ọgọ́rùn-ún agbára yín ló ń padà sẹ́yìn. Tó bá di 3, ó ti di 25. Kẹ́ ẹ má ti fọwọ́ kan rédíò, ẹ padà lọ ha ọ̀dà ìdí ọ̀pá yẹn.

Ìwé àṣẹ ọ̀dọ̀ NCC ló ń wà níwájú gbogbo èyí. Pé ẹ ra jíìpù tòkunbọ̀ tí ìdí áńtẹ́nà ti wà lára rẹ̀ ò sọ pé ẹ ní ìkànnì. Àpápá yìí kan náà ni Western Naval Command wà. Ẹni tó bá na ọ̀pá mítà mẹ́ta sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọn láìní ìwé lọ́wọ́, ẹ̀yin náà mọ ìbéèrè tí wọ́n máa bi í.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin rewáyà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.