Hezekiah Olúwasanmí: Ọlá tí ó Yẹ Olùdarí Yunifásítì

Àwọn àgbà ní, 'Yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn.' Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń yin olùdarí yunifásítì tí kò sí láyé mọ́? Ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasanmí, ọ̀gá àgbà kejì ní Yunifásítì Ifẹ̀, tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí.

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni a ti bí i ní 1919. Ó kàwé ní Morehouse àti ní Harvard ní Amẹ́ríkà, kí ó tó di olùkọ́ ètò ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó gba ipò ní 1966, orúkọ nìkan ni yunifásítì náà fi jẹ́ ti Ifẹ̀. Láti 1962 tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣí i pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, Ìbàdàn ni ó fi ṣe ibùgbé.

Àkókò náà kò rọgbọ. Ológun gba ìjọba ní 1966. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò sì parí títí di 1970. Ẹlòmíràn ìbá ní kí a dúró kí ìlú tòrò. Olúwasanmí kò dúró. Ní oṣù kìíní 1967 ni yunifásítì ṣí lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, ya àwọn ilé tí àjà òkè wọn yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí oòrùn àti òjò má baà dààmú ẹni tí ń kàwé nínú wọn.

Iṣẹ́ náà kò mọ sí inú ọgbà. Ní 1968, ní gbọ̀ngàn Orí Olókun tí yunifásítì ṣí sí àárín ìlú Ifẹ̀, ni a ti kọ́kọ́ ṣe eré Ọlá Rótìmí tí a ń pè ní *The Gods Are Not to Blame*. Ọ̀mọ̀wé àti ará ìlú jọ ní ìpín nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

A lè wí pé owó ìjọba ni a ná. Òtítọ́ ni, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òṣìṣẹ́, olùkọ́ àti ayàwòrán ló jọ ru ẹrù náà. Ṣùgbọ́n olùdarí ni ó ń yan ohun tí yóò ṣíwájú, òun ni a ó sì bi bí ó bá bàjẹ́.

Olúwasanmí fi ipò sílẹ̀ ní 1975, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì náà. Ó kú ní 1983. Láti 1987, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a ń pe ibẹ̀, ilé-ìkàwé rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ Olúwasanmí.

Ọlá ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n orúkọ ara ògiri nìkan kò tó. Bí ìwé titun kò bá wọ ilé-ìkàwé, orúkọ lásán ni ó kù. Olùkọ́ tí kò rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ti gbàgbé ọkùnrin náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fa ewé ìwé ya, tí ó kì í bọ àpò, ọlá rẹ̀ ni ó fà ya.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Olúwasanmí kò fi itọ́ mọ tirẹ̀. Kí àwọn tí ó jogún rẹ̀ má ṣe di ìrì.