Ìtùnú fún Onígbàgbọ́ Tí Àìsàn Rẹ̀ Kò Gbóògùn Mọ́: Ohun Tí Bíbélì Sọ Nípa Ìyè Lẹ́yìn Ikú

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni ní ilẹ̀ Yorùbá, àdúrà ìwòsàn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà fún aláìsàn, èyí sì bá Ìwé Mímọ́ mu, nítorí Jákọ́bù, ní orí karùn-ún ìwé rẹ̀, rọ àwọn alàgbà ìjọ láti gbàdúrà lé aláìsàn lórí, kí wọ́n sì fi òróró kùn ún. Ìṣòro a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn dókítà bá ti sọ pé àrùn jẹjẹrẹ ti ràn káàkiri ara, tí àwọn tó wá kí aláìsàn kò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju pé kò ní kú lọ. Aláìsàn fúnra rẹ̀ sábà máa ń mọ̀ pé òun ń lọ, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ọ́ jáde, kí ẹbí má baà rò pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti yẹ̀, báyìí ni yóò sì ṣe máa dá ẹ̀rù ikú fà mọ́ra.

Ẹ̀kọ́ tí ó sọ pé ẹni tí kò rí ìwòsàn kò ní ìgbàgbọ́ tó kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú Bíbélì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, ẹ̀gún náà kò sì kúrò. Pọ́ọ̀lù náà ló fi Tírófímù, alábàárìn rẹ̀, sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ọba Hesekáyà tí Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀ náà sì kú nígbẹ̀yìn. Ìwà ìkà ni láti di irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ ru ẹni tí kò lè gbé orí sókè mọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà láti ran irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Cicely Saunders, onígbàgbọ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, ló dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni ìtọ́jú ìdẹ̀ra, èyíinì ni ìtọ́jú tí kò lépa àtilé àrùn lọ, bí kò ṣe kí ìrora dínkù, kí aláìsàn sì lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú iyì. Saunders kọ́ni pé ìrora ẹni tí ń kú kì í ṣe ti ara nìkan, nítorí ìrònú nípa ọmọ àti owó, àti ìbéèrè nípa Ọlọ́run, náà a máa dunni. Oògùn mọ́fíìnì àti àdúrà kì í ṣe orogún. Irú ìtọ́jú yìí wà ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ó sì yẹ kí àwọn pásítọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní ti ìyè lẹ́yìn ikú, Bíbélì kò fi ìkorò ikú pamọ́. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn, Jésù tí ó mọ̀ pé òun fẹ́ jí Lásárù dìde sì sunkún kí ó tó dé ibojì rẹ̀, nítorí náà, ẹni tí ń sunkún lórí ibùsùn àìsàn kò ṣẹ̀. Ìrètí méjì ni Májẹ̀mú Titun fi lélẹ̀: àkọ́kọ́ ni pé onígbàgbọ́ yóò wà pẹ̀lú Kristi, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ sí àwọn ará Fílípì, èkejì ni àjíǹde ara ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ìjọ gbà pé ọkàn ń lọ sọ́dọ̀ Kristi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà tí ìjọ Adventist gbà pé òkú ń sùn láìmọ ohunkóhun títí di àjíǹde. Kí olùtùnú mọ ìjọ tí aláìsàn wà, kí ó má sì sọ ibùsùn rẹ̀ di pápá ìjiyàn.

Àjíǹde ara yìí ni àwọn oníwàásù ń fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni aláìsàn nílò. Obìnrin tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀, tí irun rẹ̀ ti re tán, kò lè rí ìtùnú púpọ̀ nínú ìwàásù tí ó ń pe ara ní àkísà tí Ọlọ́run fẹ́ jù nù. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé ara tí a gbìn nínú àìlera ni yóò jíǹde nínú agbára. Jésù tí ó jíǹde sì jẹ ẹja, ó sì ní àpá lára. Ìrètí yìí yàtọ̀ sí àtúnwá tí àwọn ẹbí fi ń sọ ọmọ ní Babátúndé tàbí Yétúndé, nítorí onígbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò dìde, kì í ṣe pé yóò yà lára ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Kí ẹni tó lọ tu aláìsàn nínú jókòó, kí ó jẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ó sì ka ẹsẹ Bíbélì díẹ̀, nítorí ẹni tí ara ń ro kò lè gbọ́ ìwàásù gígùn. Bí aláìsàn bá bi í bóyá òun yóò dá àwọn èèyàn òun mọ̀ lọ́run, ó lè rán an létí pé Màríà Magidalénì dá Jésù mọ̀ nígbà tí Ó pe orúkọ rẹ̀. Bí ó bá sì bèèrè ohun tí Bíbélì kò sọ, kí olùtùnú jẹ́wọ́ pé Bíbélì kò sọ ọ́, kí ó má fi àlá tàbí ìran ẹnikẹ́ni dí àlàfo náà.